Ọwọ́ tó ń rọ epo sí bàálù

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí akọ̀ròyìn yín kọ nípa àwọn pápá bàálù kéékèèké, àwọn tí bàálù ńlá akérò kì í bà sí. Ó dùn-ún kà, àwòrán inú rẹ̀ sì wuyì. Àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó há mi lọ́fun títí di òní. Akọ̀ròyìn yín ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ju ọmọ tó ń rọ epo, tó sì ń ṣílẹ̀kùn fún olówó lọ.

Èmi náà ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, fún ọdún 23 gbáko. Mo rọ epo, mo fa bàálù wọ hángà, ilé tí wọ́n ń tọ́jú bàálù sí, mo gbé ẹrù, mo da ìgbọ̀nsẹ̀ inú bàálù nù nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é, mo sì dúró sínú òjò pẹ̀lú ọ̀pá iná méjì lọ́wọ́ kí awakọ̀ tó ń bọ̀ lóru lè mọ ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Nísinsìnyí orúnkún mi kò gbà kí n gun apá bàálù mọ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ ni mò ń kọ́. Mi ò bá akọ̀ròyìn yín jà. Ibi tí ojú rẹ̀ dé ló kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó lè bàjẹ́ nínú iṣẹ́ kan kò lè mọ irú ẹni tó yẹ kó máa ṣe é, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí gan-an sì wà lára àwọn tí kò mọ̀. Torí tiwọn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ju ti akọ̀ròyìn yín lọ.

Ilé-iṣẹ́ tí akọ̀ròyìn yín lọ bẹ̀ wò la ń pè ní FBO. Amẹ́ríkà ni orúkọ náà ti wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba wọn ta àwọn bàálù ogun tí kò níṣẹ́ mọ́ ní owó pọ́ọ́kú. Curtiss Jenny ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Àwọn awakọ̀ tí ogun tú sílẹ̀ rà wọ́n, wọ́n ń fò láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń balẹ̀ sórí oko olóko, wọ́n ń fi bàálù dárà fún èrò ìwòran, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé òun yípo lójú ọ̀run. Ní 1926, òfin dé. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, bàálù pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Bí àwọn kan nínú àwọn alárìnkiri yẹn ṣe fìdí kalẹ̀ sí pápá kan ṣoṣo nìyẹn, wọ́n kọ́ hángà, wọ́n ń ta epo, wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, wọ́n ń kọ́ni ní bàálù wíwà. Ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà ń sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ń ṣe òwò bàálù, tó sì fìdí kalẹ̀ síbì kan.

Ohun tí wọ́n ń ṣe lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbà náà. Epo, hángà, àtúnṣe, ẹ̀kọ́ bàálù wíwà, yàrá tí awakọ̀ lè rẹjú sí, ẹ̀rọ iná tí a ń so mọ́ bàálù kó má baà fi bátìrì tirẹ̀ jí ẹ́ńjìnnì. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí àga rẹ̀ jẹ́ awọ, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí. Mo sì ti ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹténà onírin kan tó ní tábìlì, rédíò àti fèrèsé kan ṣoṣo. Inú kọ̀ǹténà yẹn ni mo ti mọ iṣẹ́ jù.

Ìdájí niṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí akọ̀ròyìn yín ṣì wà lórí ibùsùn. Kí ẹnikẹ́ni tó rọ epo sí bàálù, epo inú táńkà tiwa gan-an la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Omi ni ọ̀tá. Òtútù òru a máa sọ ọ̀rinrin inú tánkì di omi, omi sì wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ lúgọ sí. A ó ṣí ẹnu ìsàlẹ̀, a ó gba díẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, a ó yí i po kí ìdọ̀tí lè kóra jọ sáàárín, a ó wò ó. Ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, kó sì máa dán. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ju owó ẹyọ kan sísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bí mi ò bá lè ka ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára owó ọ̀hún, mi ò gbọdọ̀ ta epo yẹn fún ẹ̀dá kankan. Nínú epo jẹ́ẹ̀tì, omi tó bá pẹ́ níbẹ̀ tún máa ń di ilé fún àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí. Ààlà omi àti epo ni wọ́n ń gbé, nǹkan yíyọ̀ bí ikun ni wọ́n sì ń ṣe jáde, òun ló ń dí asẹ́. Bí a bá wò ó tán, a ó kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé, a ó fọwọ́ sí i. Mo mọ àwọn tó máa ń fọwọ́ sí ìwé ọ̀sẹ̀ kan látòkè délẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì gbẹ, ìwé kún.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde gan-an. Epo oríṣi méjì ló wà ní pápá kékeré. Avgas, tó jẹ́ ìbátan bẹntiróòlù, ni bàálù oní-písítìnì, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jọ ti mọ́tò, ń mu. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni 100LL, aró búlúù ni wọ́n sì fi pa á. Jet A jẹ́ ìbátan kẹrosíìnì. Kò láwọ̀, tàbí kó pọ́n díẹ̀ bíi koríko gbígbẹ, òun sì ni jẹ́ẹ̀tì àti ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì ń mu. Lára tánkì àti ọ̀pá, pátákó pupa ni a ń fi sàmì avgas, dúdú ni ti Jet A. Bí ẹ bá kán avgas sórí ìwé funfun, yóò fẹ́ lọ kíá. Bí Jet A bá ti dà pọ̀ mọ́ ọn, àbàwọ́n olóròóró yóò ṣẹ́kù bí òrùka. Àdánwò tí kò náni ní nǹkan kan nìyẹn, síbẹ̀ mo ti pàdé awakọ̀ tó ti ń wa bàálù fún ogún ọdún tí kò gbọ́ ọ rí.

Bí Jet A bá wọ bàálù oní-písítìnì, ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú ni pé ẹ́ńjìnnì yóò jí. Avgas díẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pá tó lọ sí ẹ́ńjìnnì, òun ni yóò kọ́kọ́ mu. Bàálù yóò rìn dé ẹnu ojú ọ̀nà, awakọ̀ yóò yẹ gbogbo nǹkan wò, kò ní gbọ́ ohùn àjèjì kankan. Ìgbà tó bá fún un ní gbogbo agbára tán, tí ẹsẹ̀ bàálù kúrò nílẹ̀, ni epo tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò dé. Yóò máa bú gbàmù nínú sílíńdà lásìkò tí kò tọ́, ooru yóò gorí ooru, písítìnì yóò jó. Ẹ́ńjìnnì á kú níbi tí bàálù ò ti ga tó láti padà, tí ojú ọ̀nà sì ti tán níwájú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bob Hoover nìyẹn ní 1978. Ọ̀gá ni nínú awakọ̀ tó ń fi bàálù dárà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú iṣẹ́ yìí. Ní pápá Brown Field, ní San Diego, ọmọ kan rọ epo jẹ́ẹ̀tì sí Shrike Commander rẹ̀, tó jẹ́ oní-písítìnì, torí ó rò pé Turbo Commander, tó ń mu epo jẹ́ẹ̀tì, ni. Ìrísí wọn jọra. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú lẹ́yìn tó gbéra, ó fọgbọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì, bàálù bàjẹ́, ẹ̀mí kankan kò bọ́. Nígbà tó padà dé pápá, ó wá ọmọ náà kàn. Kò lù ú, kò ní kí wọ́n lé e. Ó ní òun mọ̀ pé kò tún ní ṣe irú rẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀, àti pé òun ni kó wá rọ epo sí bàálù òun lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni Hoover bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀pá epo. Wọ́n fẹ ẹnu ọ̀pá Jet A, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí àgógó pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n fi òrùka dín ẹnu tánkì avgas kù, kí ọ̀kan má baà lè wọ èkejì. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ ihò wà nínú ọgbọ́n náà. Hẹlikópítà kan wà tó ń mu Jet A, àmọ́ tí ẹnu tánkì rẹ̀ kéré. Àwọn bàálù tọ́báìnì kan náà wà bẹ́ẹ̀. Bí irú wọn bá dé, a ó yọ ẹnu pẹ́pẹ́yẹ kúrò lára ọ̀pá, a ó fi ẹnu róbótó sí i. Bí iṣẹ́ bá wá pọ̀, tí a gbàgbé láti dá a padà, odi ti wó, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ pé ẹnu róbótó yẹn kò gbọdọ̀ sùn lára ọ̀pá mọ́jú. Kí ẹni tó fi í sí i ló yọ ọ́, kó tó gun táńkà padà.

Kódà bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ bá wà níbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn lè borí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2019, ní Kokomo, ní Indiana, wọ́n rọ Jet A sí bàálù Aerostar oní-písítìnì kan. Ọmọ iṣẹ́ tó rọ ọ́ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá epo jẹ́ẹ̀tì ló fẹ́, awakọ̀ sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu ọ̀pá kò wọ tánkì. Ó dá a dábùú, ó mú un lórí ihò, ó rọra ń da epo wọlé. Awakọ̀ náà kú lẹ́yìn tó gbéra. Mo máa ń dá ìtàn yìí dúró níbi "ó dá a dábùú," mo sì máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn ọmọ wo ojú ara wọn. Ẹnu ọ̀pá tó kọ̀ láti wọlé ti sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí, torí díẹ̀ ló kù kí n wà nípò rẹ̀. Ní ọdún keje mi, lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń dà bí ẹni fi igbá dà á, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì kan balẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ sáré wọlé, ó ní kí wọ́n kún un, ó bọ́ bàtà, ó nà gbalaja sórí àga. Ẹni tó wà nídìí tábìlì kọ "Jet" sórí ìwé ó sì nà án sí mi. Kí ló fi kọ ọ́? Bàálù náà tóbi, ó dára, "Turbo" sì wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Turbo yẹn ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Lára bàálù yẹn, ẹ́ńjìnnì písítìnì tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ kún afẹ́fẹ́ ló ń sọ, kì í ṣe tọ́báìnì bíi ti Turbo Commander. Mo gbé táńkà Jet A lọ, mo so wáyà irin mọ́ bàálù kí iná ara, ìyẹn iná mànàmáná tó máa ń kóra jọ sára nǹkan, má baà ta, mo gun apá rẹ̀, mo ṣí ìdérí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: pátákó avgas ló wà lára rẹ̀, pupa fòò.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Kí n gbé táńkà padà, kí n mú ti avgas wá, kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Tàbí kí n lọ jí ọkùnrin tó ti rẹ̀ yìí. Mo jí i. Ó bú mi. Ó ní ṣé mi ò kàwé ni, ṣé bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyí. Mo na ìwé yẹn sí i. Ó kà á, ó tún un kà. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wọ bàtà láìso okùn rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi sínú òjò, ó sì dúró tì mí títí epo fi kún apá méjèèjì. Kì í ṣe nítorí kó yìn mí ni mo ṣe jí i. Awakọ̀ tó bá ń sùn nígbà tí wọ́n ń rọ epo sí bàálù rẹ̀ ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, mo fẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ọjọ́ náà kò rí nǹkan kan sọ ju pé mo fi ogún ìṣẹ́jú ṣòfò.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ẹni tí kì í ṣàṣìṣe ló ń kọ̀wé sí yín o. Ní ọdún kejì mi, mò ń fa bàálù kékeré kan wọ hángà. Ẹsẹ̀ iwájú bàálù ní ibi tó lè yí dé, wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Mo kánjú, mo yí i kọjá àmì. Mo gbọ́ "kà!" Ohùn kékeré ni, bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá kán. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Bàálù náà dúró bó ṣe wà, kò sí ohun tí ojú lè rí. Mo lọ dúró sẹ́yìn hángà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mò ń ṣírò owó tí wọ́n lè yọ nínú owó oṣù mi àti bí màá ṣe sọ fún wọn nílé pé wọ́n ti lé mi. Ìgbà tó yá, mo wọlé lọ jẹ́wọ́. Mẹkáníìkì tú u, irin inú rẹ̀ ti ya. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ni ìbá fi bàálù yẹn balẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá mi ìgbà náà, tó yàtọ̀ sí ti alẹ́ òjò, bú mi dáadáa, kò sì lé mi. Ká ní ó lé mi ni, gbogbo àwọn tó kù ìbá ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan: bí o bá gbọ́ "kà," má sọ.

Kì í ṣe epo nìkan ló ń dàrú mọ́ra. Oògùn kan wà tí a ń pò mọ́ Jet A kí omi inú rẹ̀ má baà di yìnyín lókè. Kò láwọ̀. Omi kan náà wà tí wọ́n ń bu sí ọkọ̀ dísù láti fọ èéfín rẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń pè ní DEF, omi àti yúríà ni wọ́n pò ṣe é. Òun náà kò láwọ̀, inú kẹ́ẹ̀gì tó jọra ni wọ́n sì ń gbé méjèèjì. Ní oṣù kọkànlá 2017, ní Omaha, wọ́n ṣi DEF bu síbi oògùn náà. Ní oṣù kẹjọ 2018, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Opa-locka, ní Florida. Ní oṣù karùn-ún 2019, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Punta Gorda, ní Florida kan náà, jẹ́ẹ̀tì kan tó ti ibẹ̀ gbéra sì pàdánù ẹ́ńjìnnì méjèèjì lójú ọ̀run kó tó rí Savannah balẹ̀ sí láyọ̀. Yúríà yẹn máa ń dì bí iyọ̀ nínú epo, á sì dí asẹ́. Ìgbà mẹ́ta láàárín ọdún méjì. Níbi tí mo ti ń kọ́ni, kẹ́ẹ̀gì DEF kò gbọdọ̀ wọ ilé tí oògùn wà, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀.

Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá. Abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù tó ń yí kì í ṣeé rí, ẹ má ṣe dúró síbi tó lè dé kódà nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́. Bí a bá ń fa bàálù wọ hángà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà ní etí apá kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìfà kò lè rí ibẹ̀. Ọ̀pá iná méjì tí a bá fi ṣe àgbélébùú túmọ̀ sí kí awakọ̀ dúró.

Ní ti ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn yín tó dà bí ẹni pé olówó nìkan ló ń jẹ àǹfààní pápá kékeré, ká ní ó dúró títí di ọ̀sán ọjọ́ náà, ìbá rí àwọn ọmọ tó ń kọ́ bàálù wíwà tí wọ́n ń ka owó epo wọn lé tábìlì bí ẹni ń ka eyín. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wa bàálù akérò lónìí, orí bàálù oníjókòó méjì tàbí mẹ́rin ní irú pápá yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bàálù tó ń gbé aláìsàn ń wá síbẹ̀, èyí tó ń fọ́n oògùn sóko ń wá síbẹ̀. Èmi kò ṣílẹ̀kùn fún olówó tó ìgbà tí mo bá wọn gbé àkéte aláìsàn.

Ibì kan wà tí mo ti gbè sẹ́yìn akọ̀ròyìn yín, òun ni ọ̀rọ̀ owó. Ó ní àwọn awakọ̀ ń ráhùn pé wọn kì í mọ iye tí wọn yóò san títí wọn yóò fi balẹ̀. Òótọ́ ni. Owó ìdúrósí wà, owó mọ́júmọ́ wà, owó ìtọ́jú wà tí wọ́n á ní àwọn á yọ bí o bá ra iye epo kan. Kò sí ohun tó burú nínú owó gbígbà. Hángà kì í tún ara rẹ̀ ṣe, táńkà kì í sì í mu omi. Ohun tó burú ni kí wọ́n fi pamọ́. Àwọn oníṣòwò rò pé ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni, àmọ́ mo ti rí awakọ̀ tó gbọ́ iye owó, tó wo epo tó kù nínú tánkì rẹ̀, tó ní òun yóò dé pápá tó kàn. Bó ṣe gbéra, gbogbo wa lẹ́nu iṣẹ́ yíjú sí ibi tó gbà lọ. Ó dé. Kí wọ́n kọ gbogbo owó sára ògiri àti sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí awakọ̀ lè ṣírò rẹ̀ nílé, kó tó jí ẹ́ńjìnnì.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń kánjú ni pé epo ń yí padà. Òjé wà nínú 100LL tí gbogbo wa ń rọ. Lẹ́tà L méjì tó wà lára orúkọ rẹ̀ ń sọ pé òjé rẹ̀ kéré, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀, ó sì ti kan awọ ọwọ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n máa wọ ìbọ̀wọ́. Ní 2022, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, FAA, fọwọ́ sí epo aláìlójé kan fún àwọn ẹ́ńjìnnì písítìnì, wọ́n sì fẹ́ kí òjé kúrò nínú epo bàálù nígbà tí 2030 bá fi máa parí. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó. Títí di òní, búlúù ni a fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tọ̀nà. Fún ọdún díẹ̀ tó ń bọ̀, epo tuntun yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, àwọ̀ wọn kò ní dọ́gba, ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣeé pò mọ́ra wọn. Ìgbà tí epo jẹ́ méjì péré, ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Síbẹ̀, ìgbà tí mo bá bi àwọn tó ni FBO pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ táńkà, ọ̀kan dá mi lóhùn pé ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta! Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó kó dúró, nítorí náà nígbà tó bá fi máa mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì wò, ó ti lọ síbòmíràn, òmíràn ti dé, ọjọ́ mẹ́ta mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà tó ṣeé fún wọn. NATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òwò bàálù ní Amẹ́ríkà, ní ti wọn, àwọn òfin ìṣe tí wọ́n ń pè ní IS-BAH sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wá yẹ ilé-iṣẹ́ òun wò. Ohun tí mò ń béèrè kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Kí ọmọ tuntun bá àgbà ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta kó tó dá gun táńkà. Kí wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó pé ẹni tó bá dá epo dúró nítorí iyèméjì kò ní gbọ́ èébú, ì báà jẹ́ pé òun ló ṣì í. Kí owó oṣù rẹ̀ sì tó ohun tí yóò mú un dúró dé ọdún kejì, torí ọdún kejì ni etí ń là.

Mo pe akọ̀ròyìn yín padà wá. Kó wá ní aago márùn-ún ìdájí, mo ti bá àwọn tó ni ibi tí mo ti ń kọ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà. Kó wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀ àti aṣọ òwú, kó má wọ ọ̀rá, torí iná ara. Kó fi fóònù àti ìṣáná sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Kó mú owó ẹyọ kan dání, èyí tí ọdún ara rẹ̀ ṣì hàn dáadáa.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Arọ-epo-bàálù tẹ́lẹ̀